Ìrékọjá Àjàyí Crowther

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin ọdún 1822, àwọn Júù káàkiri ayé jókòó ti oúnjẹ Ìrékọjá. Ọjọ́ Ẹtì ni, ọjọ́ Ẹtì kan náà tí àwọn ìjọ Kristi ní Yúróòpù ń rántí ikú Olúwa lórí igi. Àjọ méjèèjì kì í sábà pàdé ara wọn báyìí, ṣùgbọ́n ní ọdún náà wọ́n pàdé. Nígbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 7 oṣù Kẹrin, àwọn onígbàgbọ́ ń ṣe Ọdún Àjíǹde, àwọn Júù sì ṣì wà nínú ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í jẹ ìwúkàrà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àjíǹde yẹn, lójú òkun, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì méjì, Myrmidon àti Iphigenia, dá ọkọ̀ ẹrú Potogí kan dúró. Esperança Felix ni wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. Èkó ni ó ti gbéra. Ènìyàn tó lé ní 180 ni wọ́n kó sínú rẹ̀, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí, ará Òṣogùn, sì wà láàárín wọn.

Gbogbo wa ni a ti gbọ́ ìtàn Àjàyí Crowther láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀: ẹrú tó di bíṣọ́ọ̀bù, ẹni tó ṣe Bíbélì Yorùbá. A ti gbọ́ ọ débi pé etí wa ti di sí i. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi rí ni ọjọ́ tí ìtúsílẹ̀ rẹ̀ bọ́ sí. Kàlẹ́ńdà tiwa àti ti àwọn Júù ni mo fi ṣírò rẹ̀, mo sì ṣe é lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gbà á gbọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ìgbésí ayé bàbá yìí bí ẹni tó tún ṣí ìwé Ẹ́kísódù.

Kì í ṣe pé Àjàyí ṣe Ìrékọjá o. Kò mọ Mósè, kò mọ Fáráò, kò sì mọ̀ pé ọjọ́ kan wà tí à ń pè ní Àjíǹde. Ẹ̀wọ̀n ni ó mọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Ísírẹ́lì náà, mélòó nínú wọn ló lóye alẹ́ tí wọ́n ń jáde?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àjọ náà jẹ́ fún àwọn tó ni ín, nítorí ohun tí a fi ń ṣe láàárín wa nísinsìnyí ti yàtọ̀. Ní alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀, àwọn Júù a tan àbẹ́là, wọn a máa wá ìwúkàrà káàkiri inú ilé, lábẹ́ àga, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ní gbogbo kọ̀rọ̀, títí ẹ̀rún búrẹ́dì tó kéré jù lọ yóò fi jáde. Ní alẹ́ àjọ, ọmọ tó kéré jù nínú ilé ni yóò béèrè ìdí tí alẹ́ náà fi yàtọ̀ sí àwọn alẹ́ yòókù, àwọn àgbà yóò sì fi ìtàn Íjíbítì dá a lóhùn. Wọn a jẹ àkàrà aláìwú, nítorí àwọn baba wọn kò rí àyè dúró kí ìyẹ̀fun wú. Wọn a jẹ ewé kíkorò, nítorí oko ẹrú korò. Wọn a mu ife wáìnì mẹ́rin. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù níbẹ̀ ni pé olúkúlùkù gbọ́dọ̀ ka ara rẹ̀ sí ẹni tí òun fúnra rẹ̀ jáde kúrò ní Íjíbítì. Baba ńlá nìkan kọ́ ló jáde. Èmi tí mo jókòó ti oúnjẹ yìí ni mo jáde.

Ní tiwa, mo ti dé ibi tí wọ́n ti ń ta òróró Ìrékọjá, tí wọ́n ní kí a fi kun àtẹ́rígbà yàrá họ́sítẹ́ẹ̀lì kí carry-over má baà wọlé. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Alẹ́ tí Ọlọ́run fi sọ ẹrú di ọmọ, àwa sọ ọ́ di oògùn ìdánwò. Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ Àjàyí.

Ní nǹkan bí ọdún 1807 ni wọ́n bí i ní Òṣogùn, lágbègbè Ìsẹ́yìn, ní ilẹ̀ tó wà nínú Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí. Orúkọ rẹ̀ sọ bó ṣe wáyé: ọmọ tó dojú bolẹ̀ nígbà tí a bí i. Ahunṣọ ni bàbá rẹ̀. Ọmọ nǹkan bí ọdún mẹ́tàlá ni ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1821, nígbà tí àwọn akónilẹ́rú ya wọ ìlú náà ní òwúrọ̀ kan, bí àwọn obìnrin ti ń se oúnjẹ àárọ̀ lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ sáré wá sílé láti ní kí wọ́n sá, ó sì padà sójú ìjà. Ibẹ̀ ni ojú òun àti Àjàyí ti yà títí ayé. Wọ́n mú ọmọ náà pẹ̀lú Àfàlá ìyá rẹ̀, àwọn arábìnrin rẹ̀ méjì àti ìbátan wọn kan, wọ́n fi okùn sí wọn lọ́rùn bí ẹní ń da ewúrẹ́ lọ sọ́jà.

Ní Ìsẹ́yìn, wọ́n fi ṣe pààrọ̀ ẹṣin kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn. Ó dá ẹṣin padà, ó sì gba Àjàyí padà. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, mo gbé ìwé náà sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọmọ ènìyàn, wọ́n ń dá a padà bí bàtà tí kò bá ẹsẹ̀ mu. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Tábà àti ọtí líle wà lára ohun tí wọ́n fi san owó orí rẹ̀.

Àwọn Potogí ni ìbẹ̀rù rẹ̀ tó tóbi jù. Ó ti gbọ́ pé ẹni tó bá dé ọwọ́ wọn, ó parí fún un. Ọ̀pọ̀ òru ni ó fi ọ̀já ìbàdí rẹ̀ sọ́rùn ara rẹ̀ kí ó lè kú kí wọ́n tó tà á dé etí òkun, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò gbà á láti fa ọ̀já náà le. Nígbà tí ìyẹn kò ṣeé ṣe, ó pinnu pé òun yóò bẹ́ sómi bí wọ́n bá gbé òun wọ ọkọ̀. Nígbà tí ó dójú odò, ẹ̀rù omi náà bà á. Mo mọ̀ pé nínú àwa tí à ń ka ìwé ìròyìn yìí, ẹnì kan lè wà tó mọ irú òru bẹ́ẹ̀. Bí ìwọ bá ni, má dá òru náà gbé. Kan ilẹ̀kùn ẹnì kan, àní bí aago méjì òru bá ti lù.

Ní Èkó, wọ́n so àwọn ọkùnrin àti àwọn ọmọdékùnrin mọ́ ẹ̀wọ̀n kan ṣoṣo, ẹ̀wọ̀n gígùn tó gba inú òrùka irin ọrùn olúkúlùkù kọjá, wọ́n sì fi àgádágodo tì í ní ìpẹ̀kun méjèèjì. Bí àgbàlagbà kan bá fi ìbínú fa ẹ̀wọ̀n, ọrùn àwọn ọmọdé ni ó ń bó. Láti orí ẹ̀wọ̀n yìí ni wọ́n ti wọ ọkọ̀.

Alẹ́ ìtúsílẹ̀ ńkọ́? Kò sí orin, kò sí ìlù Míríámù. Àwọn ọmọ náà rí àwọn òyìnbó mìíràn tó mú idà gígùn dání, wọ́n sì rò pé láti ọwọ́ ìkà kan ni àwọn tún bọ́ sí ọwọ́ òmíràn. Nígbà tí wọ́n dé inú Myrmidon, wọ́n rí ẹran tí wọ́n so rọ̀, wọ́n rí ọta àgbá dúdú tí wọ́n kó jọ. Lójú wọn, ẹran ènìyàn ni èyí, orí ènìyàn sì ni ìyẹn. Ó di ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tí wọ́n wò ó dáadáa kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni ẹran náà, irin sì ni ọta.

Ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Sàró, wọ́n sì mú Àjàyí lọ sí abúlé Bathurst. Wàyí o, ohun kan ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn, nítorí n óò padà sí i. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n dé, wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn ọmọ náà sí Freetown láti wá jẹ́rìí lòdì sí Potogí tó ni ọkọ̀ ẹrú. Ẹnì kan ta wọ́n lólobó pé ńṣe ni wọ́n fẹ́ fà wọ́n lé ọkùnrin náà lọ́wọ́ padà. Àwọn ọmọ náà kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò ní fi ẹsẹ̀ ara àwọn rìn lọ síbẹ̀, àfi bí wọ́n bá gbé àwọn.

Ẹ rò ó wò. Ó ti lé ní oṣù méjì tí okùn ti kúrò lọ́rùn. Orí ilẹ̀ òmìnira ni wọ́n wà, òfin wà lẹ́yìn wọn, ọkùnrin náà gan-an ni ó di ẹlẹ́jọ́. Síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan tó láti dá wọn dúró. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ísírẹ́lì rí létí Òkun Pupa. Ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn ṣì wà lára òpó ilẹ̀kùn tí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n bojú wẹ̀yìn, wọ́n rí eruku kẹ̀kẹ́ ogun Fáráò, wọ́n sì ń bi Mósè bóyá kò sí ibojì ní Íjíbítì ni. Ara ti jáde. Ọkàn kò tíì jáde.

Ti Àjàyí gba ọdún mẹ́ta. Ó kàwé ní Bathurst, kò sì ju oṣù mẹ́fà lọ tí ó fi mọ ìwé kà. Nígbà tí ó ń ròyìn ara rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó jẹ́ kó yé wa pé ní nǹkan bí ọdún kẹta tí òun bọ́ lọ́wọ́ ẹrú ènìyàn ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé oko ẹrú mìíràn wà tó burú jù ú lọ, ti ẹ̀ṣẹ̀ àti ti Sátánì, àti pé òun wà nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1825, wọ́n rì í bọmi, ó sì gba orúkọ Samuel Crowther. Kò ju Àjàyí nù. Ìjáde àkọ́kọ́, ẹlòmíràn ló gbé e jáde, kò tilẹ̀ mọ ibi tí wọ́n ń gbé e lọ. Ìjáde kejì, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ rìn ín.

Ohun tó tẹ̀lé e, ẹ ti mọ èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ó wà lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ ní Fourah Bay ní 1827. Ó fẹ́ Susan, tí òun náà ti jẹ́ ẹrú rí. Ó bá wọn lọ sí Odò Ọya ní 1841, ọ̀pọ̀ àwọn òyìnbó tó wà nínú ìrìn àjò náà ni ibà pa. Ní 1843 wọ́n fi jẹ́ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó dé Àgbádárìgì, nígbà tí ó sì di 1846, ó dé Abẹ́òkúta.

Abẹ́òkúta ni ó ti rí ìyá rẹ̀. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ 1846 ni, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lẹ́yìn tí wọ́n ti yà wọ́n. Ìyá náà gbọ́ pé ọmọ òun wà láàyè, ó wá. Wọ́n di ara wọn mú, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Omijé ni ó sọ̀rọ̀. Ìyá Àfàlá ti di ẹrú, wọ́n ti rà á padà, wọ́n tún ti mú un lẹ́rú, ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá a sí. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kejì 1848, ó wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ rì bọmi ní Abẹ́òkúta. Hánà ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì. Ta ni ìbá tún fún un ní orúkọ mìíràn?

Láàárín àwọn ọdún yẹn ni ó ń túmọ̀ Ìwé Mímọ́. Ẹ́kísódù wà lára àwọn ìwé tí òun fúnra rẹ̀ ṣe. Mo máa ń ro bí ó ṣe rí lára rẹ̀ nígbà tí ó jókòó ti orí kejìlá ìwé náà: ẹni tí wọ́n fi okùn sí lọ́rùn, tó wá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún alẹ́ tí àwọn ẹrú jáde. Ìrékọjá ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú Bíbélì wa títí di òní. Ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Ikú dé ẹnu ọ̀nà, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó ré ilé náà kọjá. Nínú ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe àwa la kọ́kọ́ rìn. Ikú ló kọjá lára wa ná, kí àwa náà tó wá dìde, kí a di àmùrè, kí a máa lọ.

Onne ni gbogbo èyí ti wọ̀ mí lára. Ibẹ̀ ni mo ti ṣe IT mi, ní ilẹ̀ Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, níbi tí èbúté ńlá wà. Ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ṣèlérí owó ìrànwọ́ oṣooṣù fún wa, oṣù mẹ́rin kọjá, a kò rí kọ́bọ̀. Owó oúnjẹ mi tán. Lóru, màá máa ro gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún wa àti gbogbo ẹ̀rín tí wọ́n fi rín wa. Mo ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ṣùgbọ́n mo ń gbé ibi iṣẹ́ náà bọ̀ wálé. Ní àkókò Àjíǹde, àwa mélòó kan, àwọn ọmọ IT àti àwọn àgùnbánirọ̀, pinnu láti ka Ẹ́kísódù kejìlá pọ̀ ní yàrá arákùnrin kan. A kò ní ọ̀dọ́ àgùntàn, a kò sì ní màtsà. Arábìnrin kan po ìyẹ̀fun mọ́ omi àti iyọ̀ lásán, ó yan án nínú páànù. Ewúro tútù ni a fi ṣe ewé kíkorò, a kò fọ̀ ọ́ rárá. Ẹni tó kéré jù láàárín wa béèrè ìbéèrè, a sì ń dáhùn.

Bí mo ṣe ń jẹ ewúro yẹn, ojú mi rọ. Ó wá yé mi pé wọn kì í fi ìkorò náà pamọ́. Wọ́n ń gbé e sórí tábìlì, wọ́n ń dárúkọ rẹ̀, wọ́n ń jẹ ẹ́ níṣojú Ọlọ́run àti ènìyàn, lẹ́yìn náà ni oúnjẹ dídùn yóò tẹ̀lé e. Mo dárúkọ tèmi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Mo sùn. Wọn kò tíì san owó náà títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí, n kò sì sọ pé kí wọ́n má san án o! Lẹ́tà kẹta ni a kọ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ náà kò bá mi dé orí ibùsùn mọ́.

Láti Onne, ọ̀nà òkun kò jìnnà. Ọkọ̀ ńláńlá tó ń kó kọ̀ǹténà wá síbẹ̀, ẹnu odò Bonny ni wọ́n ń gbà wọlé. Bonny yìí sì ni iṣẹ́ Crowther ti gbóná nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864 ni wọ́n yà á sí mímọ́ ní Canterbury, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ìjọ Áńgílíkà fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Ní ọdún yẹn, Ọba William Pepple ti Bonny ti ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù Lọ́ńdọ̀nù pé òun ń fẹ́ àwọn oníwàásù. Crowther ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀.

Ní Bonny ìgbà náà, awọ́nríwọ́n ni òrìṣà ìlú. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa á. A wọ ilé tó wù ú, a gbé adìyẹ ẹni tó wù ú, onílé a máa wò ó. Òyìnbó oníṣòwò tó bá pa á, owó ìtanràn ni yóò san. Nígbà tí ọba kú, George ọmọ rẹ̀ jọba. Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún 1867, ọba àti àwọn ìjòyè kéde pé awọ́nríwọ́n kì í ṣe òrìṣà Bonny mọ́. Àwọn ará ìlú dìde, wọ́n sì pa wọ́n lọ rẹpẹtẹ. (Àánú àwọn ẹranko náà ṣe mí díẹ̀, nítorí àwọn kọ́ ló ní kí wọ́n sin àwọn.)

Mo tún gbé kàlẹ́ńdà mi. Ọjọ́ Àjíǹde náà jẹ́ ọjọ́ 21 oṣù Kẹrin. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 19, ni àwọn Júù bẹ̀rẹ̀ Ìrékọjá. Bí ó ti rí ní 1822 gẹ́lẹ́ ni ó rí: Ìrékọjá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Àjíǹde ní ọjọ́ Àìkú. Ọdún márùndínláàádọ́ta ló wà láàárín méjèèjì. N kò sọ pé àmì ni, ọjọ́ a máa bọ́ sórí ọjọ́. Ṣùgbọ́n Ẹ́kísódù sọ pé ní alẹ́ Ìrékọjá, Ọlọ́run dá àwọn òrìṣà Íjíbítì náà lẹ́jọ́, àwọn tó ń mú kí ènìyàn máa wárìrì níwájú ẹranko. Ọmọ tí wọ́n yọ nínú ọkọ̀ ẹrú ní ọ̀sẹ̀ Ìrékọjá kan ni bíṣọ́ọ̀bù tí ìlú yìí wà lábẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ Ìrékọjá mìíràn.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé gbogbo rẹ̀ wá dẹrùn lẹ́yìn náà. Ẹrú ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kọ́kọ́ gbàgbọ́ ní Bonny, àwọn olówó wọn kò sì fẹ́ bẹ́ẹ̀. Inúnibíni dé. Ní 1875, ẹrú kan tí ń jẹ́ Joshua, ti ilé Hart, kọ̀ láti jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi bọ òrìṣà. Wọ́n dè é tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n gbé e lọ sójú odò, wọ́n sì pa á síbẹ̀. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lú mi. Àjàyí ní Bathurst jẹ́ ẹni òmìnira tó ń bẹ̀rù bí ẹrú. Joshua jẹ́ ẹrú, kò sí ìwé ìtúsílẹ̀ kankan lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè pàṣẹ ohun tí yóò jẹ fún un.

Bàbá Crowther náà rí tirẹ̀. Ní oṣù Kẹjọ 1890, ní Oníṣà, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó kan, tí ìtara wọn pọ̀ ju sùúrù wọn lọ, jókòó pẹ̀lú rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀. Wọ́n to ẹ̀sùn lé àwọn òṣìṣẹ́ adúláwọ̀ lórí ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n sì kéde pé wọ́n ti dá púpọ̀ nínú wọn dúró lẹ́nu iṣẹ́. Áṣídíákónì Dandeson, ọmọ bíbí bíṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀, wà lára wọn. Ẹni tó lé ní ọgọ́rin ọdún ni bàbá nígbà yẹn. Òun ni bíṣọ́ọ̀bù, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe bí ẹni pé kò sí níbẹ̀.

Mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ Freetown sọ́kàn. Ọmọ tó sọ pé àfi bí wọ́n bá gbé òun kí òun tó lè lọ kojú ẹni tó fìyà jẹ òun ni ó jókòó síbi ìjókòó yìí. Ní ọjọ́ yìí, kò sí ẹni tó gbé e. Ó bá wọn wí lójú ara wọn, ó ní kí wọ́n kọ orúkọ tòun náà mọ́ ti àwọn tí wọ́n dá dúró, ó sì fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Kò bú wọn, kò sì fi ìgbàgbọ́ sílẹ̀ nítorí wọn. Kì í sì í ṣe pé ọ̀rọ̀ náà kò dùn ún. Ẹ̀gbẹ́ tó fi ọgọ́ta ọdún ó lé sìn ni. Ó di ọdún 2014, nígbà tí ìyàsímímọ́ rẹ̀ pé 150 ọdún, kí Áṣíbíṣọ́ọ̀bù Welby tó tọrọ àforíjì ní Canterbury lórí bí wọ́n ṣe ṣe sí i.

Lẹ́yìn ìpàdé Oníṣà, àwọn ìjọ Delta ni ó gbájú mọ́, Bonny àti àwọn tó yí i ká, kí wọ́n lè dá dúró, kí wọ́n máa fi owó ara wọn bọ́ àwọn òṣìṣẹ́ wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà lè dá pásítọ̀ wọn dúró láti ọ̀nà jíjìn mọ́. Ìyá rẹ̀ Hánà ti sùn ní Èkó láti ọdún 1883. Òun náà kú ní Èkó, ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1891. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, àwọn ìjọ náà di Niger Delta Pastorate. Wọn kò kúrò nínú ìjọ Áńgílíkà, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ́ ara wọn. Dandeson, tí wọ́n dá dúró ní Oníṣà, ni ó ṣe olórí wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kò kú títí di 1938.